Ìwé Tí Baba Ọkọ Mi Kọ Láti Inú Sàréè

Mo rántí ìgbà tí èèpo igi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé ní Ifangni. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni; ẹni tó bá ti lè sọ “bọ́ńsúù” ti di ọ̀gá láàárín wa. Ìyàwó tuntun ni mí. Lẹ́yìnkùlé wa, igi obì kan wà tí baba ọkọ mi gbìn fún ìyá ọkọ mi nígbà tó bí àkọ́bí. Obì yẹn ni ìyá ń rù lọ tà ní Igolo, òun ló sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn tí baba kú. Nǹkan funfun kan tẹ́ pẹrẹsẹ sára èèpo rẹ̀, ìlà dúdú tínínrín-tínínrín wà lórí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi kálàmù fà á. Gbogbo igi tó bá ti gbó níbí ló máa ń ní in. Ta ni kò mọ̀?

Àbúrò baba ọkọ mi ló ní òun ò mọ̀. Ojú rẹ̀ ti wà lára igi náà tipẹ́. Ó lọ mú akọ̀wé kan wá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà biróò ìjọba láti báni kọ lẹ́tà. Ọ̀gbẹ́ni de táì nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ó fi ìka tọ ìlà náà níwájú àwọn àgbà ilé, ó wúkọ́, ó ní olóògbé ti fi Faransé kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbúrò òun ni kó jogún igi náà. Àwọn àgbà mi orí. Èmi tí mo ṣe ọdún méjì péré ní ẹkọ́ọ̀lì na ọrùn, mo rí “l” kan níbẹ̀, ni mo bá ń mi orí pẹ̀lú wọn bí alángbá.

Ìyá ọkọ mi ò sunkún. Ó ní, “Mùsíé, ọkọ mi ò mọ kálàmù dì mú títí ó fi wọlẹ̀. Ta ló wá kọ́ ọ ní Faransé nísàlẹ̀?” Ó nawọ́ sí àbúrò ọkọ rẹ̀. “Ó dáa, mo gbà. Irú ìwé yìí wà lára igi obì ti ọkọ mi kékeré yìí náà. Ẹ bá wa ka tìyẹn. Bóyá èmi ló fi ìyẹn fún.”

Akọ̀wé wo ojú ẹni tó pè é. Ìyẹn fò dìde: “Àrùn igi nìyẹn! Kò sí ìwé kankan níbẹ̀, sẹ́ fíní, ó parí!”

Ẹ̀rín pa àwọn àgbà. Wọ́n ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan; ti àwọn méjèèjì yìí ò rìn dé ẹ̀yìnkùlé kejì. Igi dúró lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Èmi ni mo ni ín báyìí. Ẹnu ni ìyá fi fún mi, gbogbo ilé sì gbọ́. Tí àwọn ọmọ ọmọ àbúrò baba bá ti Kútọnu dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ẹkọ́ọ̀lì wọn, abẹ́ rẹ̀ ni mo ti máa ń fún wọn lóbì jẹ. Títí dòní, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo èèpo rẹ̀.