Orin Tí Kò Rí Elégbè

Òórùn epo bẹntiróòlù ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọjọ́ Àìkú tí ìyá mi lọ san ẹ̀jẹ́ wọn. Ẹ̀bá fèrèsé tí a jókòó sí ni jẹnẹrétọ̀ ìjọ wà, èéfín rẹ̀ ń wọlé wá bá wa, ó sì ti rẹ̀ mí kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ohun tó wọ́ láyé tí àlàyé tó já gaara kò lè tọ́.

Gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n gé lọ́rùn ìyá mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá mi ti ń dá orin fún ẹgbẹ́ ìyá ní abúlé wa lápá Lágelú. Dókítà kìlọ̀ pé ohùn wọn lè máà padà. Lórí ibùsùn níbẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ohùn bá padà, àwọn á fẹnu ara àwọn dá orin ìyìn níwájú pẹpẹ, ìjọ á sì gbè é. Ohùn padà. Ó há, ó sì tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ó padà. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, àwọn àgbà ní bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ní ìjọ wa, ẹni tó bá wá dúpẹ́ ló ń dá orin tí wọ́n á fi jó dé iwájú pẹpẹ. Bí ohùn onítọ̀hún tilẹ̀ dà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, tirẹ̀ la ó gbè. Ṣùgbọ́n a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba olórí akọrin tuntun láti ìgboro Ìbàdàn, tòun ti kíbọ́ọ̀dù àti sípíkà gàgàrà. Èmi fúnra mi lọ bá a ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí. Màmá á dá a, a ó gbè é.”

Ó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ò tíì parí ìlà kìíní tí olórí akọrin fi já orin mọ́ wọn lẹ́nu, tó gbé òmíràn tó yára sínú gbohùngbohùn. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ó ń kígbe sí ẹni tí ojú abẹ rẹ̀ ò tíì jinná dáadáa pé, “Màmá, ẹ jó! Ṣé ẹ ò láyọ̀ ni?” Ìjọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jó. Ẹ̀yìn ìyá mi gan-an ni mo wà. Mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń mì, n ò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí a jáde, mo bá olórí akọrin níwájú bàbá ìjọ, mo to ẹ̀sùn mi lẹ́sẹẹsẹ. Mo mẹ́nu ba ìlànà, mo mẹ́nu ba ẹ̀tọ́. Bàbá ìjọ ń yán. Olórí akọrin rẹ́rìn-ín: “Àǹtí wa, ìwé yín ti pọ̀ jù! Ìjọ láyọ̀, Ọlọ́run láyọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ lejú koko.”

Ìyá mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ nílé. “Wọn ò gbè é,” wọ́n wí. “Ẹ̀jẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi.”

Mo ní Ọlọ́run ṣáà gbọ́ wọn.

“Ṣé mo ní Ọlọ́run dití ni? Mo ní ìjọ á gbè é. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.”

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ló kan ẹgbẹ́ ìyá láti gbá ilé ìjọsìn. Mo bá wọn pọn omi lọ. Kò síná, kò sí jẹnẹrétọ̀, eruku nìkan ló ń sọ lálá. Ìyá mi ń gbálẹ̀ láàárín àga, wọ́n sì ṣàdédé nàró, wọ́n dá orin:

“Ọba tó ni ọ̀nà ọ̀fun mi, tìrẹ lohùn yìí.”

Ohùn náà ya kó tó délẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta èlùbọ́, tó ń nu pẹpẹ lọ́wọ́, ló kígbe pé, “Ìwọ obìnrin yìí, o ò jẹ́ kí n nu ibí yìí tán!” Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́kọ́ gbè é: “Tìrẹ ni, Baba, tìrẹ ni.” Ni gbogbo wọn bá gbà á, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ lu àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń jó nínú eruku.

“Ẹ rọra o, ọrùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán!” ọ̀kan nínú wọn kígbe.

“Bó bá já, ẹ ó tún un rán!” Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn. Wọ́n jó dé iwájú pẹpẹ, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní, “Ó bùṣe,” wọ́n sì lọ gbá èyí tó kù.

Ó ti pẹ́ báyìí. Sípíkà ti pọ̀ sí i. Mo ti rojọ́ ní ìpàdé títí, ó ti sú wọn, ó ti rẹ èmi náà. N kò sì yí ọ̀rọ̀ mi kan padà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá jáde wá dúpẹ́, tí mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì lábẹ́ ariwo, mo máa ń dìde lọ bá a, màá dúró tì í títí èjìká wa á fi kan ara, màá tẹ́tí títí màá fi mọ ohun tó ń kọ, màá sì gbè é. Olórí akọrin rò pé ayọ̀ ló dé sí mi lára nígbẹ̀yìn. Á máa fi gbohùngbohùn kí mi pé, “Àǹtí wa, ẹ káre!”

N kì í dá a lóhùn. Iṣẹ́ wà lẹ́nu mi.