Omi Kashi ní Adelphi

Òórùn tùràrí àti ti atalẹ̀ tí wọ́n sè mọ́ tíì ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì kan ní Adelphi, níhìn-ín lókè òkun. Mo máa ń gbé e wọ ìpàdé àdúrà, àwọn ìyá ìjọ á sì máa wò mí bí ẹni tó ti yà bàrá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi débẹ̀. Bàbá arúgbó kan, ará Íńdíà, ni mo ń tọ́jú; dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ sílé, pé kò sí ohun tó kù láti ṣe. Bàbá yìí fẹ́ràn orúkọ. Kí n tó fi omi kàn wọ́n láràárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ pe orúkọ odò méje ilẹ̀ wọn sórí omi inú bàsíà, kí ó lè di omi mímọ́. Bí mo bá sì ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa túmọ̀ orúkọ àwọn ìlú mímọ́ wọn fún mi. Haridwar, ẹnu ọ̀nà Ọlọ́run. Ayodhya, ìlú tí ogun ò lè kó. Kashi, ìlú ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá kú sí Kashi ti bọ́, kò tún ní padà wáyé wá jìyà. Ibẹ̀ ló wù wọ́n kí wọ́n kú sí, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè dé ẹnu ilẹ̀kùn mọ́.

Ohun tí ìyàwó wọn wá gbójú lé ni omi Ganga, odò tó ṣàn gba Kashi kọjá. Ó wà nínú ìkòkò bàbà kékeré kan nílé ọmọbìnrin wọn ní Laurel, ìlú kan nítòsí. Bí ẹ̀kán rẹ̀ bá kan ahọ́n bàbá kí ẹ̀mí tó bọ́, ó ti tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo rí i pé èémí bàbá ti ń jìnnà síra, mo ní kí màmá pe ọmọ. Ọmọ gbé ìkòkò, ó bọ́ sọ́nà, àfi bí mọ́tò méjì ṣe kọlura níwájú rẹ̀ lórí Route 1. Gbogbo ìgbà tó bá pè, ojú kan náà ló ṣì wà. Mi ò sí nílé nígbà tí bàbá tèmi kú n'Ìbàdàn; ẹnu iṣẹ́ níhìn-ín ni fóònù ti bá mi.

Ètè bàbá ti gbẹ. Mo ti òwú bọ ife omi kí n fi tọ́ wọn lẹ́nu, màmá bá gbá ọwọ́ mi mú.

“Omi ẹ̀rọ kọ́ ló máa kan ẹnu ọkọ mi gbẹ̀yìn.”

Bí a ṣe dúró nìyẹn, omi ń kán sórí ibùsùn. Kí n má purọ́, inú bí mi: ẹnu ẹni gbẹ, omi wà nílẹ̀, wọ́n ní kí n dúró de ìkòkò. Ìgbà náà ni ètè bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kò sí ohùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ ohun tí wọ́n máa ń pè láràárọ̀. Màmá gba ife lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn odò náà, Ganga, Yamuna, títí dé ìkeje. Àwọn fúnra wọn ló kán an sí ọkọ wọn lẹ́nu.

Nígbà tí ọmọ sáré wọlé, tó gbá ìkòkò mọ́ àyà, bàbá ti lọ. Ó wo ife orí tábìlì, ó wo màmá rẹ̀.

“Fara balẹ̀,” ni màmá sọ fún un. “Bàbá rẹ ti dé Kashi.”

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ náà ló yé mi pé ẹni tí kò bá lè délé mọ́, orúkọ ni yóò gbé ilé wá bá a. Mo jókòó sínú mọ́tò mi nísàlẹ̀, mo pe orúkọ Ìbàdàn, mo pe ti agboolé wa, mo pe ti odò tí bàbá mi ti kọ́ mi bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà mo pe orúkọ bàbá mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti kú, mo sọ fún wọn pé ó dàárọ̀.