Bàbá Tó Ń Fi Èjìká Ti Ilẹ̀kùn Mẹ́jọ

Yéè, Bàbá mi! Ó dìgbà o! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jáde kẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀yin lẹ wá ṣáájú gbogbo wa jáde.

Ìyàwó òṣìngín ṣì ni mí. Ẹ̀yin ìbátan, ẹ má bínú bí ẹ bá rí ayọ̀ lójú mi láàárín ẹkún. Bàbá, ẹ̀yin lẹ fà mí lọ́wọ́ dé iwájú pẹpẹ, ẹsẹ̀ yín sì yá ju tèmi lọ. Mo ní kí ẹ rọra, ẹ ní, "Ṣe kíá, kí ọmọkùnrin yìí má yí ọkàn padà!" Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ ò dìde mọ́.

Olóòótọ́ ni yín, a-dúró-má-yẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ fi tọ́jú gbọ̀ngàn ńlá tó wà láàárín ìgboro Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, tí àwọn olórin ń gorí ìtàgé nírọ̀lẹ́. Kí èrò tó wọlé, ẹ ó ti fi èjìká ti ilẹ̀kùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa kà á sókè. Bí ọ̀kan kò bá ṣí fún ẹni tó bá fẹ́ sá jáde, eré ò ní bẹ̀rẹ̀.

Ìgbéyàwó mi ku ọjọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ tí wọ́n gbá àṣekágbá fọ́líbọ́ọ̀lù. Kúnlé, àfẹ́sọ́nà mi, ni balógun ẹgbẹ́ tiwa. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé lọ́jọ́ náà nítorí ètò ìgbéyàwó, èrò sì ti kún inú ilé. Ẹ kà á dé ilẹ̀kùn kẹfà, ẹ tì í, kò mì. Ẹnì kan ti fi ṣéènì dè é láti ìta, kí àwọn mo-gbọ́-mo-yà má baà yọ́ wọlé láìra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, ẹ káwọ́ gbera. Rẹfirí wo aago, ó ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá, àwọn àlejò ló gba ife, torí àwa la ni ilé. Ẹnì kan pariwo láti òkè pé, "Baba, ẹ lọ sùn!" Ẹ dá a lóhùn pé, "Ìwọ gan-an ni mo dúró fún!"

Ìyá Kúnlé, tó wá láti Papalanto, yíjú sí mi: "Ṣé àna wa nìyí?" Ojú tì mí. Mo sáré wá kúnlẹ̀ níwájú yín. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ayọ̀ mi jẹ́." Ẹ ò tilẹ̀ wò mí. "Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kẹfà ni ìyá ọkọ rẹ jókòó sí. Ṣé o rí i?"

Ìgbà náà ni Kúnlé jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín pápá. "Bàbá, èmi ni mo dè é. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì mi."

Mo rò pé ìgbéyàwó mi ti bàjẹ́. Ẹ wò ó títí.

"Dìde," lẹ wí. "Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí ni ọmọ mi ó máa gbé. Lọ ṣí i."

Ó sáré lọ. Ẹ fi èjìká tì í, ó ṣí. "Ẹfà!" lẹ ké, ẹ sì kọjá sí ìkeje.

Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí iná, kò sí èéfín. Wọ́n gbá eré náà tán, a tilẹ̀ pàdánù ife. Bí a ṣe ń padà sílé ní Adigbe, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí i pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀?" Ẹ ní, "Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Inú gbọ̀ngàn yín la ó ti gbàlejò lẹ́yìn ìsìn. Kúnlé ti ní òun ni yóò ti ilẹ̀kùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, òun ni yóò kà á sókè. Èmi yóò dúró níbi ìkẹfà. Ẹ̀yin àlejò, bí a bá dá yín dúró díẹ̀ níta, ẹ fara dà á fún wa. Iṣẹ́ bàbá mi là ń ṣe.

Ẹ máa lọ sinmi, Bàbá mi. A ó kà á pé. Ẹ sùn re o.