Tòmátì Ẹlẹ́wé Búlúù ní Dópẹ̀mú

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn alágbádá, ọ̀rọ̀ tó gbòde lórí rédíò ni pé kí olúkúlùkù gbin oúnjẹ sẹ́yìn ilé rẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò ní ẹrẹ̀ lára bàtà, ṣùgbọ́n ọkọ mi gbà wọ́n gbọ́. Ọmọ Èkìtì ni, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni. Ohun tí ìjọba bá ti sọ, á ti ṣe é tán kí ìjọba fúnra rẹ̀ tó rántí pé òun sọ ọ́.

Dópẹ̀mú là ń gbé. Ẹ̀yìn ilé wa kò ju ibi tí mò ń sá aṣọ sí lọ. Ó tú okùn aṣọ mi, ó ro ilẹ̀, ó lọ kó ìgbẹ́ màlúù wá láti ọjà màlúù Oko Ọba, òórùn rẹ̀ sì wá bá wa sùn nínú yàrá. Ó wá gbin tòmátì.

Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, níbo ni kí n wá máa sá aṣọ sí?"

Ó ní, "Orílẹ̀-èdè ń wá oúnjẹ, ìwọ ń wá ibi tí wàá sá ṣìmí sí."

Tòmátì náà dàgbà dáadáa títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an. Ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ àmì dúdú, ó sì ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá dà bí ohun tí iná rà lára. Oúnjẹ kò wọ ọkọ mi lẹ́nu mọ́. Bó bá jí láàárọ̀, á ti lọ kí tòmátì kó tó kí mi.

Lọ́jọ́ kan ó pàtẹ́wọ́. "Bàbá wa! Bí kòkó bá ń dúdú lórí igi, omi búlúù kan ni bàbá wa máa ń fín sí i!"

Ó ránṣẹ́ sílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi oògùn náà rán awakọ̀ kan sí wa. Iyọ̀ kan tó ní bàbà nínú ni, búlúù, tó ń dán bí ìgò tó fọ́. Ó rẹwà débi pé mo ní láti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé májèlé ni, kì í ṣe súìtì. Ọkọ mi yá pọ́ńpù tí wọ́n fi ń fín oògùn, ó po iyọ̀ náà sínú garawa irin mi, ó sì fín in. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ewé tí àrùn kò tíì kàn gan-an ti jóná. Garawa mi di pupa, ó sì ń jò. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó di orí mú.

"Ẹfun," ó ní. "Mo gbàgbé ẹfun."

Ẹfun tí wọ́n fi ń kun ilé ló ń sọ. Òun ni bàbá wọn máa ń pò mọ́ ọn kí agbára iyọ̀ náà má baà jó ewé. Ó ra ẹfun, ó sì gba ọpọ́n oníke tí mo fi ń fọ aṣọ. Ó po iyọ̀ lọ́tọ̀, ó po ẹfun lọ́tọ̀, ó wá dà wọ́n pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ó mú ọ̀bẹ kan, ó tì í bọ inú rẹ̀. Ó ní bí irin rẹ̀ bá yọ pupa bíi bàbà, ẹfun kò tó nìyẹn. Ọ̀bẹ náà jáde funfun.

"Ṣé o rí i?"

"Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ẹran ni mo rí."

Ó fín òkè ewé, ó fín abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, gbogbo èyí tó kù láyé nínú wọn ti di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Àrùn náà kò sì lọ síwájú mọ́, àmọ́ bí òjò bá ti fọ oògùn náà kúrò, á tún un fín.

Òṣèlú ló wá kàn. Ògiri wa kò ga, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí ẹ̀yìn ilé wa. Lára wọn ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú àdúgbò wa, kọngílá tó ń gba iṣẹ́ ilé kíkùn, tó ń kó ọ̀dà kiri. Ó wọlé, àwọn méjì tó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ti rẹ́rìn-ín sì tẹ̀lé e.

"Ẹ kú ilé o. Mo rí i pé ẹ ti lọ bá àwọn alátakò."

"Alátakò wo, Alága?" ọkọ mi bi í.

"Àwọ̀ wo ló wà lára tòmátì yín yẹn?"

"Oògùn ni, sà. Àrùn ewé ló..."

"Mi ò bi yín ní ti oògùn. Àwọ̀ ni mo bi yín."

Búlúù ni àwọ̀ ẹgbẹ́ alátakò ládùúgbò wa, àwọ̀ ewé sì ni ti ẹgbẹ́ alága. Alága mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́. "Nǹkan tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá ní àwọ̀ ẹgbẹ́ wa, ẹ wá lọ kùn ún ní búlúù!"

Kò pẹ́ tó lọ ni ẹnìkan láti ẹgbẹ́ kejì wá bọ ọkọ mi lọ́wọ́ pé ó ní ìgboyà, ó sì fún un ní fìlà búlúù. Ẹ̀rù ba ọkọ mi débi pé ó fi fìlà náà sábẹ́ ìrẹsì nínú àpò. Mo ní kó fọ oògùn náà kúrò, ó kọ̀. Àwọn ẹní àtijọ́ ló kó, ó ta wọ́n yí oko ká. Oúnjẹ tí ìjọba ní ká gbìn, àwa ń gbìn ín bí ẹni tó ń pọn ògógóró ní bòókẹ́lẹ́.

Alága náà ní oko tòmátì tirẹ̀, ó fẹ̀, etí títì ló wà, pẹ̀lú pátákó ńlá. Àgbà ẹgbẹ́ kan ń bọ̀ wá wò ó. Àrùn yẹn kò sì mọ alága. Ọkọ mi lọ bá a nílé.

"Alága, ẹ jẹ́ kí n bá yín fín in."

"Kó di búlúù lójú àgbà ẹgbẹ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?"

Nígbà tí àlejò máa fi dé, ewé ti di búráùn pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kò wọ́n nílé alága. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ni wọ́n fín sí gbogbo oko náà. Èmi ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ nígbà yẹn, wọ́n sì ti ní ká kó àwọn ọmọ iléèwé wa wá pàtẹ́wọ́, nítorí náà ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀. Oko yẹn ń dán bíi mọ́tò tuntun. Àgbà ẹgbẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú agbádá funfun, ó wọ àárín ebè, ó sì na ọwọ́. Nígbà tó máa jáde, apá agbádá kan ti di àwọ̀ ewé.

Alága fò síwájú.

"Sà! Tòmátì fúnra rẹ̀ ló dìbò fún yín!"

Àgbà ẹgbẹ́ wo aṣọ rẹ̀, ó wo alága, ó bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé wọ́n ti fi alága ṣe olórí ìgbìmọ̀ tòmátì fún gbogbo agbègbè wa.

Iléèwé wa ló ti ṣe ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó pín oògùn tòmátì fún wa nínú ọ̀rá tí wọ́n tẹ àmì ẹgbẹ́ sí. Ọkọ mi tú tirẹ̀. Iyọ̀ búlúù yẹn náà ni. Ó dìde.

"Alága, ẹfun rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹfun kò sí nínú ètò ti ọdún yìí."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ewé jó káàkiri Dópẹ̀mú. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn wa, ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ kejì, kálukú pẹ̀lú ọpọ́n oníke rẹ̀. Ọkọ mi ká àwọn ẹní rẹ̀ kúrò. Ó ń pariwo mọ́ wọn bíi ọ̀gá iléèwé: "Abẹ́ ewé! Abẹ́ ewé ni kí ẹ fín!" N kò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Kò sẹ́ni tó bi í ní àwọ̀.

Tòmátì wa pọ́n. Mo fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ kí n tó lọ̀ ọ́, ọbẹ̀ náà sì dùn. À ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni alága yọ lórí tẹlifíṣọ̀n wa, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe gba tòmátì Dópẹ̀mú là. Dúdú àti funfun ni tẹlifíṣọ̀n náà, ewé tó nà sókè dà bí eérú lójú wa.

Ọkọ mi gbọ́ tí òjò ń kù lókè. Ó fi òkèlè sílẹ̀, ó wá pọ́ńpù lọ.