Ọjọ́ tí mo so spíkà kejì mọ́ áńpù Dádì

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí òórùn tùràrí gbá mi nímú, àyà mi sì já. Àwọn ọmọ tó jókòó tì mí rò pé Ẹ̀mí ló fẹ́ gùn mí. Ẹ̀mí kọ́ o, ẹ̀rù ni. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ti ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ tí wọ́n bá ti ju tùràrí síná, imú mi á kọ́kọ́ máa wá òórùn mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kàn ń ki wáyà bọ ihòkíhò tí ẹ bá rí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ìjọ Aládúrà wa kò ní ilé tirẹ̀. Gbọ̀ngàn kan la máa ń háyà ní Castle Green nílùú òyìnbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá A13, níbi tí ariwo mọ́tò kì í ti í dákẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn arúgbó òyìnbó ń jó níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Sọ́ńdè nìkan ló ń di ilé Ọlọ́run, àwa fúnra wa la sì ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. A ó gbálẹ̀, a ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ó ta kọ́tìnì funfun, Wòlíì á wá fa okùn funfun kan yí iwájú ká. Kí wọ́n tó fa okùn yẹn, ilẹ̀ lásán ni. Mo lè sáré gba ibẹ̀ kọjá, kí n máa jẹ bisikíìtì lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fà á tán, tí wọ́n tan àbẹ́là, ó ti di pẹpẹ nìyẹn. Obìnrin kì í wọ ibẹ̀, àgbà ni o, ọmọbìnrin kékeré bíi tèmi ni o.

Dádì mi ló ń ta gìtá béèsì. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ní Dagenham ló ti ń ṣiṣẹ́, èèyàn fìrìgbọ̀n ni, ojú rẹ̀ sì le. Tó bá kàn húkọ́, gbogbo wa á jókòó dáadáa. Kò nà mí púpọ̀ o, mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi òsì fà á mọ́ra. Mọ́mì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ òsì tirẹ̀, gìtá ló gbé e fún.

Áńpù rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, jẹ́ irú èyí tí ẹ̀rọ àti spíkà jọ wà nínú àpótí kan. Nínú pálọ̀ wa, fèrèsé á máa gbọ̀n tó bá ń ta á. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn yẹn, àwọn tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ ọ, wọ́n sì ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀fọn ló ń kùn. Ó ń dun Dádì, kò kàn sọ ọ́ ni. Nígbà tó yá, arákùnrin kan gbé spíkà ńlá kan wá láti ilé ọtí tí wọ́n fẹ́ tì pa. Dádì wò ó yíká, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ so ó mọ́ áńpù òun, òun á kọ́kọ́ wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tì í sẹ́yìn kọ́tìnì.

Nọ́ńbà kí ni? Ihò wà lẹ́yìn áńpù, ihò wà lẹ́yìn spíkà. Mo fẹ́ kí inú bàbá mi dùn, ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè kan, nígbà tó jáde lọ kó àga, mo mú wáyà gìtá kan tó wà nílẹ̀, mo fi so méjèèjì pọ̀, mo sì fi etí kọ́tìnì bo wáyà náà. Iwájú nìkan ni ihò iná mànàmáná wà lára ògiri gbọ̀ngàn náà, nítorí náà ibẹ̀ ni Dádì àti áńpù rẹ̀ máa ń wà. Wọ́n fa okùn yí wọn ká. Wọ́n tan àbẹ́là.

Orin bẹ̀rẹ̀, béèsì náà sì dún débi pé mo gbọ́ ọ nínú egungun àyà mi. Àwọn ará ẹ̀yìn dìde, wọ́n ń jó. Dádì dijú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé àdúrà òun ló gbà. Inú mi dùn fún bí orin méjì.

Lẹ́yìn náà ni òórùn yẹn dé. Ó wà lábẹ́ tùràrí, bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá jó aṣọ ọ̀rá. Kò sẹ́ni tó fura àfi èmi. Mo wo kọ́tìnì, mo wo àbẹ́là. Mo wo àwọn èèyàn tí wọ́n ti dojúbolẹ̀ láìwọ bàtà, Mọ́mì mi wà láàárín wọn, Dádì sì ń rọra ta gìtá sí àdúrà wọn. Wòlíì ń wọ́n omi àdúrà kiri. Tí omi bá kán sí wáyà yẹn ńkọ́? Dádì kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ sí mi. Mo la ẹnu láti pè é, mo tún pa á dé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: èéfín ti ń yọ níwájú mi, ojú bàbá mi ni mò ń bẹ̀rù.

Mo fo okùn. Mo gbọ́ tí ìyá kan pe Jésù lẹ́yìn mi. Mo sáré dé ara ògiri, mo pa iná áńpù náà, béèsì sì dákẹ́. Gbogbo ìjọ gbé orí sókè, wọ́n rí ọmọbìnrin kan lórí pẹpẹ, wọ́n sì rí èéfín tín-ínrín tó ń jáde lẹ́yìn áńpù. Mo dúró síbẹ̀, mò ń retí kí Ọlọ́run pa mí kí Dádì tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wòlíì wo èéfín, ó wò mí, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́.”

Lẹ́yìn ìsìn, Dádì pè mí sẹ́yìn kọ́tìnì. Ohùn rẹ̀ kò sókè rárá. Ó fi nọ́ńbà hàn mí, èyí tí wọ́n ń pè ní óòmù. Ó ní nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ẹrù tí spíkà máa dì lé áńpù lórí ṣe tó, bó bá ṣe kéré sí ni ẹrù ń wúwo sí. Spíkà inú áńpù jẹ́ óòmù mẹ́jọ. Tí a bá so onímẹ́jọ mìíràn mọ́ ọn, nọ́ńbà náà kì í ròkè, ṣe ló ń lọ sílẹ̀ di mẹ́rin, ibẹ̀ sì ni agbára áńpù náà mọ, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Spíkà onímẹ́rin ni mo lọ so mọ́ ọn, àpapọ̀ wọn kò tó mẹ́ta. Wáyà gìtá tí mo lò náà tín-ínrín jù, spíkà ní wáyà tirẹ̀ tó nípọn. Ó sì ní ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ká kọ́kọ́ pa iná.

Ó wá bi mí pé, “Nígbà tí o gbọ́ òórùn yẹn, kí ló dé tí o ò pè mí?”

Mo ní, “Ẹ̀rù yín ló bà mí, sà.”

“Ju iná lọ?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dádì jókòó sórí spíkà náà.

Wọ́n tún áńpù náà ṣe, a sì rí spíkà onímẹ́jọ nígbẹ̀yìn. Èmi ni mò ń ka nọ́ńbà fún un kí wọ́n tó fa okùn. Wọ́n ti wó gbọ̀ngàn yẹn báyìí, ilé alájà gíga ló wà níbẹ̀. Áńpù tiyín kò wúwo, òmíràn ń pa iná ara rẹ̀ tó bá ti gbóná jù. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ọmọ tó ṣe àṣìṣe tó ń wo ojú bàbá rẹ̀, tí kò lè lanu.

Láti Sọ́ńdè yẹn, Dádì kò ké pè mí láti ìsàlẹ̀ ilé mọ́. Tó bá fẹ́ bi mí ní nǹkan, á gun àtẹ̀gùn wá, á kan ilẹ̀kùn mi, á dúró kí n dáhùn. Kódà nígbà tí orúnkún ń dùn ún, ó ń gun àtẹ̀gùn náà.