Okùn Àwọ̀n Lọ́rùn Ẹsẹ̀ Mi

Òórùn ẹja yíyan wà lọ́wọ́ ìyá àgbà náà nígbà tó ń so okùn àwọ̀n mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ òsì mi. Ó ti ìka kan bọ abẹ́ rẹ̀ kó má baà há mi. Ó ní, "Èyí tó ní okùn ni òsì."

Ìlàjẹ ni, aládùúgbò wa létí odò ní Ugbuwangue. Èmi sì ni ọmọ tí nǹkan kì í pẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì kì í wọ ihò fún mi, lẹ́tà mi máa ń gun ara wọn lórí síléètì, tíṣà sì ti nà mí títí ó fi sú u. Nílé, wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí. Ìyá yìí nìkan ló wò mí dáadáa. Bó bá ń tún àwọ̀n ṣe, ó máa ń wí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́: wọlé, yí i po, fà á. Ó kọ́ èmi náà láti máa wí i, títí mo fi lè dé bọ́tìnnì mi.

Ó ní, "Ọma mi, orí rẹ ò gọ̀. Ọwọ́ rẹ ló ń fẹ́ kí a máa bá a sọ̀rọ̀."

Ọdún òmìnira la wà. Gbogbo iléèwé fẹ́ yan níwájú àwọn òbí, tíṣà sì ti búra pé ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé yóò kúrò lórí ìlà. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé tó kí n yan. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àwọ̀n tí wọ́n sá sóòrùn, ìyá ń pàtẹ́wọ́, èmi ń wí i lẹ́nu: okùn, òfìfo, okùn, òfìfo. Ẹsẹ̀ mi gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ mi rí okùn. Wọ́n ní ewúrẹ́ ta ló já wá síléèwé. Ìyá dúró létí pápá nínú aṣọ Kérésì rẹ̀, ó ń juwọ́ sí mi. Wọ́n bi mí pé ta ni.

Mo ní, "I no sabi am."

N kò lè tú kókó, ni mo bá yá bíléèdì, mo gé e, mo jù ú sínú koríko. A kò tíì dé àárín pápá tí ẹsẹ̀ mi fi dàrú. Tíṣà fà mí létí jáde.

Nígbà tí mo délé, ìyá wo ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Okùn já, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kò burú, òun yóò lọ́ èyí tó nípọn jù ú lọ.

Irú okùn tí mo gé yẹn ni wọ́n fi ń fa ẹja tó tóbi jù mí lọ. Kò lè já, ìyá sì mọ̀, nítorí òun gan-an ló lọ́ ọ. Ó ti padà sí ìlú wọn kí n tó gbọ́n tó láti tọrọ àforíjì. Ẹyin lohùn, mo sì jẹ́ kó bọ́ bí gbogbo nǹkan ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń dùn mí títí dòní.

Mo ṣì máa ń bá ọwọ́ mi sọ̀rọ̀ bí mo bá ń dé bọ́tìnnì. Láìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi gbọ́ mi, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá kan ni, mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.