Àáró Ọjọ́ Mẹ́jọ

Mo rántí ọdún tí mo fi odindi káyé kan rò ó bóyá kí n kó kúrò ní Kútọnu, kí n padà sí Adja-Ouèrè. Mo fa ìlà sí àárín ojú ìwé rẹ̀, mo kọ "lílọ" sí apá kan, mo kọ "dídúró" sí apá kejì. Lábẹ́ lílọ, mo kọ afẹ́fẹ́ tó mọ́, ìyá mi tó ń dá gbé, àti pé kò sí ẹni tó ń tẹ ìwé dáadáa nítòsí mérì wọn, ilé ìjọba ìbílẹ̀. Lábẹ́ dídúró, mo kọ iná mànàmáná, àwọn oníbàárà mi, àti ọ̀rọ̀ kan tí ojú ń tì mí láti sọ lónìí: "ipò mi". Ipò wo? Ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì tí òjò ń wọ̀ ni mo ní, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà a sì máa jẹ bébà bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè mí ní patírọ́ọ̀nù, ọ̀gá, ládùúgbò, orí mi sì ti wú.

Ìyàwó mi, tó ń ta aṣọ òkìrìkà nígbà náà, ti gbà láti lọ láti oṣù àkọ́kọ́. Ó ní ọjà Ìkpìnlè tó wà nítòsí ibẹ̀ kò kọ aṣọ. Èmi ni mo ní kó fara balẹ̀, pé ẹni tó kàwé kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìrò ó dáadáa. Bí mo bá ti ṣí káyé mi báyìí, á dìde, á lọ fọ abọ́. Nígbà tó sú u, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ lọ gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ wò ó. Káyé yẹn ò lè sọ bí ìlú ṣe rí fún yín." Mo ní òótọ́ ni, mo sì kọ ìyẹn náà sínú káyé.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni mo dé. Bàtà funfun ni mo wọ̀, kí alùpùpù sẹ́mijàn tó gbé mi délé, ó ti pupa. Ìyá mi kò bi mí bóyá mo ń padà bọ̀ tàbí n kò padà bọ̀. Kò bi mí rí. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Èmi wá di olùgbani-nímọ̀ràn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo sọ fún àwọn obìnrin tó ń fọ epo bó ṣe yẹ kí wọ́n to agbada wọn, mo sọ fún onísẹ́mijàn ibi tó yẹ kó máa dúró sí. Wọ́n ní mo ṣeun. Àwọn ará ilé wa kì í já àlejò nírọ́.

Àbúrò bàbá mi ni olórí àáró kan níbẹ̀, ọkùnrin mẹ́sàn-án pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀. Lónìí wọn a ro oko ẹnì kan, bó bá di ọjọ́ mìíràn wọn a ro ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Mo ní kí n bá wọn lọ lọ́jọ́ tí oko àbúrò bàbá mi kàn, kí wọ́n lè rí i pé ọmọ oko lèmi náà. Mo kọ ebè mẹ́ta, ọwọ́ mi bó, mo sì fi ẹnu kọ ìyókù. Ẹnu dùn ún rofọ́, agada ọwọ́ sì dùn ún ṣánko. Nígbà tí a ń ṣíwọ́, àbúrò bàbá mi bi mí bóyá kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tèmi, nítorí oko bàbá mi tó wà lọ́nà Tatonnonkon ti di igbó. Ta ni kì í fẹ́? Gbogbo wọn wá. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n kọ ebè, ìyá mi gbin àgbàdo sí i. Mo ní kí wọ́n gúnyán, mo ra ọtí sódábì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí ó fi fẹ́ sú wọn.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni mo fi pè é, nítorí ọ̀wẹ̀ ni ènìyàn ti ń fún àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lóúnjẹ, tí ọ̀rọ̀ á sì tán. Àáró kì í tán nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tó bá ro oko fún ọ ní ọjọ́ kan, ìwọ náà á lọ ro tirẹ̀ ní ọjọ́ kan. Mo ti ṣe ti àbúrò bàbá mi, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ fún àwọn mẹ́jọ yòókù. Kò sẹ́ni tí kò mọ èyí ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí wa, àfi èmi patírọ́ọ̀nù. Mo wọkọ̀ padà sí Kútọnu lọ́jọ́ kejì, mo ní mo fẹ́ lọ máa rò ó síwájú sí i.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo padà lọ sọ ìpinnu mi fún ìyá mi: a ó ṣì dúró ní Kútọnu fún ọdún kan sí i. Mo ti to àlàyé rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì dùn létí ara mi. N kò bá a nílé. Ìyàwó àbúrò bàbá mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó fi ẹnu júwe oko kan lẹ́yìn ilé fún mi. Mo débẹ̀. Àwọn ọkùnrin wà níwájú, wọ́n ń ro àgbàdo lọ. Lẹ́yìn wọn ni obìnrin kan wà tó di ìró mọ́ ìdí, tó tẹ̀ ba ọkọ́. Ìró yẹn ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀.

Àbúrò bàbá mi ló sọ fún mi pé àwọn bẹ ìyá mi, àwọn ní àwọn ti fi àwọn ọjọ́ náà jì mí. Ìyá mi ní ilé ni àáró mọ̀, kò mọ ènìyàn. Obìnrin kì í bá ọkùnrin ṣe àáró níbẹ̀, ìyá mi sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ti ro oko àwọn méje tán, ti ẹnì kẹjọ nìyí. Ó sì ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fóònù mi, pé mo ń ronú, kí wọ́n má dí mi lọ́wọ́.

Mo sáré lọ gba ọkọ́ náà. Kò fi sílẹ̀.

"Ó ku poro méjì," ló wí. "Jẹ́ kí n parí ẹ̀. Lọ jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ yẹn, kí o máa rò ó."

Kò bínú rárá. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Mo lọ jókòó, mo ń wo ìyá mi bó ṣe ń ro poro méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró tó fi ara ti ọkọ́ sinmi. Àwọn ọkùnrin náà kò fi mí rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ń wá ẹni tó máa fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ojú tì mí débi pé n kò lè sunkún. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó mi ní Kútọnu, ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ìkòkò wa mọ́ ẹrù.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí a ti wà níbí ní Adja-Ouèrè. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nítòsí mérì, ìyàwó mi ń tajà ní Ìkpìnlè, ó sì ń pawó jù mí lọ. Mo wà nínú àáró, n kò jẹ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́. Ìyá mi kò lè lọ sóko mọ́. Oko ọ̀nà Tatonnonkon ti di tèmi, bí mo bá ro ó, ara mi ni mo ń ro ó fún. Nígbà mìíràn mo máa ń fa koríko ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀, ìyá mi a sì máa sọ pé mo ṣeun, bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ará ìta. Kí oòrùn tó mú, mo ti parí. Àáró kì í gba ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ló ń gbà, orí oko ẹni tí a jẹ ni a sì ti ń san án. Ọjọ́ mẹ́jọ ìyá mi wà lọ́rùn mi, ìyá mi kò sì ní oko mọ́.